Ẹyẹ apẹja dúdú-funfun: kí ló ń jẹ, báwo ló ṣe ń mú u, ṣé òun ló sì ń kó ẹja inú pọ́ǹdù yín? (Ìbéèrè àti ìdáhùn)

Àbújá ni mò ń gbé, ọ́fíìsì wa ò jìnnà sí adágún Jabi, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú sí ẹyẹ yìí dáadáa. Látìgbà tí mo ti ń fi fọ́tò ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp mi làwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè, èyí tó pọ̀ jù sì ń wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja ní Kuje, Gwagwalada àti Bwari, inú ń bí ẹlòmíì nínú wọn gan-an. Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ibi tó bá gùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí owó ló wà nínú ọ̀rọ̀ pọ́ǹdù yẹn, ẹ̀mí ẹyẹ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹyẹ wo gan-an lẹ̀ ń sọ?

Èyí tó dúdú tó tún funfun. Ikùn ẹ̀ funfun báláú, ẹ̀yìn ẹ̀ wá dà bí aṣọ dúdú tí wọ́n ta ẹfun sí lára. Ó ní ìyẹ́ dúdú tó nà sókè lórí bí ogbe, ẹnu ẹ̀ dúdú, ó gùn, ó sì mú ṣóṣóró. Kò tó ẹyẹlé, gígùn ẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 25, ìwọ̀n ẹ̀ sì máa ń wà láàárín gíráàmù 70 sí 110. Ẹ fi gíráàmù yẹn sọ́kàn o, a máa padà síbẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Ceryle rudis. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo, àyà ni kẹ́ ẹ wò: ìlà dúdú méjì ló wà láyà akọ, ẹyọ kan ló wà láyà abo, èyí náà sì sábà máa ń gé láàárín. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló wà, ó wà káàkiri Áfíríkà níbi tómi bá wà, ó wà ní Íjíbítì, ó dé Íńdíà àti Ṣáínà.

Ṣé ẹja nìkan ló ń jẹ?

Ẹja ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹ̀. Tí ẹja bá wọ́n, ó máa ń jẹ edé, àkàn kékeré, kòkòrò inú omi, pàápàá ọmọ lámilámi tí ò tíì hu ìyẹ́, tó ṣì ń gbé nínú omi. Kì í jẹ ọkà, kì í jẹ búrẹ́dì, ẹ má da búrẹ́dì sómi fún un.

Báwo ló ṣe ń mú ẹja?

Ọ̀nà méjì ló ń gbà. Èkíní, á bà sórí nǹkan tó ga lókè omi, ẹ̀ka igi, wáyà, òpó, orí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, á máa wo ìsàlẹ̀, tó bá rí ẹja á já lọ bá a. Èyí ò le, kì í sì í jẹ agbára ẹ̀ púpọ̀.

Èkejì lèyí tó mú mi dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹyẹ náà fò dé orí omi, ó sì dúró sójú kan lófuurufú. Kò sí igi, kò sí wáyà, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹ́ apá ẹ̀ ń gbọ̀n pẹpẹpẹ débi pé ojú ò lè kà á, ara ẹ̀ nàró, ẹnu ẹ̀ dojú kọlẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ò mì rárá, àfi bíi pé èèyàn fi ìṣó kan orí yẹn mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹyẹ mìíràn wà tó tóbi jù ú lọ tó lè dúró bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn bá ń gbé e, àmọ́ èyí lè ṣe é nígbà tí atẹ́gùn kankan ò fẹ́, ìwọ̀nba ẹyẹ tó tóbi tó o ló sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹja bá rìn sí ẹ̀gbẹ́, òun náà á sún. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó tún dúró, kó tún wò, bí ẹni tó ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ìgbà míì á pa á tì, á gbéra lọ síbòmíì. Tó bá dá a lójú ló máa ń pa ìyẹ́ mọ́ra, á sì já lulẹ̀ ṣòòrò, pòó, ó ti wọmi.

Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í wẹ̀ tẹ̀lé ẹja nínú omi. Ẹ̀ẹ̀kan ló ní. Tí ẹnu ẹ̀ ò bá bá ẹja nígbà tó wọlé, ó ti tán nìyẹn, á jáde, á gbọn omi nù, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo ti wò ó tó já lẹ́ẹ̀mẹta lásán tẹ̀léra, ìkẹrin ló tó gbé nǹkan jáde. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un, torí gbogbo ẹ̀ẹ̀kan tó bá já lásán yẹn, agbára ló fi ṣòfò, ebi sì ń pa á lọ.

Ṣé omi kì í tan ojú ẹ̀ jẹ ni?

Ìbéèrè tó dáa jù tí wọ́n bi mí nìyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní JSS 2 ló bi mí. Ẹ fi ṣíbí sínú kọ́ọ̀bù tó lómi, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí i tí ṣíbí yẹn dà bí èyí tó kán. Bí ẹja ṣe rí lójú ẹni tó wà lókè náà nìyẹn, kì í sí níbi tá a ti ń rí i gan-an. Apẹja tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja mọ̀ ọ́n, ìsàlẹ̀ ibi tójú ti rí ẹja ló máa ń gún. Ẹyẹ yìí náà mọ bó ṣe máa ń ṣe ìṣirò ẹ̀. Bó sì ṣe ń dúró sọ́gangan orí ẹja yẹn ń ràn án lọ́wọ́, torí téèyàn bá ń wo omi láti òkè tààrà, ìtànjẹ yẹn máa ń dín kù gan-an, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ bá ti wò ó ló ti máa ń pọ̀. Tó bá wá ń wọ omi, awọ tín-ín-rín kan wà tó máa ń bo ẹyinjú ẹ̀ kí omi má bà á jẹ́.

Kí ló dé tó fi máa ń na ẹja mọ́ igi?

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo rí pẹ̀lú ojú mi. Àárọ̀ Sátidé, ní Jabi, ọ̀kan gbé ọmọ ẹ̀pìyà kan wá sórí irin tó wà lẹ́bàá omi, kò ju bí ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí mi lọ. Ó fi ẹnu di ẹja mú nítòsí ìrù, ó yí ọrùn sápá ọ̀tún, ó fi orí ẹja na irin, pá! Ó yí i sápá òsì, pá! Ìpẹ́ ń ta sílẹ̀, oòrùn mú un ó ń dán yẹ́ríyẹ́rí, ìpẹ́ kan tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kò sì kọbi ara sí i. Ó nà án títí ẹja yẹn fi rọ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tó tutù. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ sókè díẹ̀, ó yí i kí orí ẹja kọjú sí ọ̀fun, ó gbé e mì. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹ̀ wú, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó parí.

Ìdí méjì ló fi ń nà án. Kí ẹja lè kú tàbí kó dákú kó tó wọ inú, kó má bàa máa jà nínú ọ̀fun, ìkejì sì ni ẹ̀gún. Gbogbo wa tó ti ṣe ẹ̀pìyà rí la mọ ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tí ẹja àrọ̀ bá sì ti fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹ̀ gún lọ́wọ́ rí ò ní gbàgbé. Nínà yẹn máa ń fọ́ ẹ̀gún, ó sì ń jẹ́ kó rọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí ẹja ló kọ́kọ́ ń gbé mì?

Ẹ̀gún àti ìpẹ́ ẹja dojú kọ ìrù. Tí orí bá kọ́kọ́ wọlé, gbogbo ẹ̀ á sùn mọ́ ara, tó bá jẹ́ ìrù ló kọ́kọ́ wọlé ṣe ló máa dúró gan-an, á há a lọ́rùn. Ẹ wá ṣọ́ ọ dáadáa: tẹ́ ẹ bá rí i tó gbé ẹja sẹ́nu tí orí ẹja sì kọjú síta, kì í ṣe òun ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ó ń gbé e lọ fún ìyàwó tàbí ọmọ, ó ti yí i kó lè jẹ́ pé orí ni ẹni tó máa gbà á máa kọ́kọ́ gbé mì. Lójú tèmi kò sí ohun tó dùn wò tó ìyẹn nínú gbogbo ìṣe ẹ̀.

Eegun wá ńkọ́?

Ó ń pọ̀ ọ́ jáde. Eegun àti ìpẹ́ máa ń lọ́ pọ̀ sínú ẹ̀ bí kókó kékeré, á sì bì í. Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀ òpó tó máa ń bà lé, ẹ máa rí i, ó rí kérékéré, tẹ́ ẹ bá fi igi tú u ẹ máa bá eegun ẹja wínníwínní níbẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ló lè jẹun bó ṣe ń fò lọ?

Òótọ́ ni. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹbí ẹ̀, torí àwọn tó kù gbọ́dọ̀ padà wá bà sórí igi kí wọ́n tó lè jẹ ohun tí wọ́n mú. Tí ẹja bá kéré, èyí lè gbé e mì lófuurufú níbẹ̀, kó sì máa bá ọdẹ ẹ̀ lọ. Nítorí ìyẹn, kò dìgbà tó bá ń rìn létí omi, ó lè lọ jìnnà sáàárín adágún. Ẹ wo adágún Kariba tó wà láàárín Zambia àti Zimbabwe: ní 1967 àti 1968, wọ́n kó ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kapenta láti adágún Tanganyika wá dà síbẹ̀, ẹja náà ń gbé láàárín agbami, ẹyẹ yìí sì ń fò tó kìlómítà 3 kúrò létí ilẹ̀ lọ mú un ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Kainji tiwa náà, tí wọ́n sé Odò Ọya ní 1968 kó tó di adágún, ní ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ tó fara jọ ọ́, òun làwọn apẹja ibẹ̀ ń fi àwọ̀n tí wọ́n ń pè ní atalla kó. Ẹja tó kéré báyìí ni oúnjẹ tó bá ẹyẹ yìí lẹ́nu mu jù.

Ìgbà wo ló ń jẹun jù?

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan máa ń bá a níbi tó ti ń sinmi. Kì í ṣọdẹ lóru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí ìyẹn tá a bá dé ọ̀rọ̀ pọ́ǹdù. Tí atẹ́gùn bá ń ru omi, tí ojú omi ń já wéréwéré, ó máa ń fò dúró lókè ju kó bà sórí igi lọ, torí láti ibi tó jìnnà kò ní rí inú omi. Tí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi di ẹrẹ̀, ẹ lè má rí i ní Jabi fún ìgbà díẹ̀, ó ti wá ibi tómi ti mọ́ lọ nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọdẹ rọrùn jù lókè ọ̀hún, ní apá Nguru àti Hadejia, tí omi bá ń fà, ẹja á fún pọ̀ sínú ìwọ̀nba omi tó kù, gbogbo ẹyẹ tó ń jẹ ẹja á sì pé síbẹ̀.

Ó ń kó ẹja mi tán! Ṣé kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kí n jẹ gbèsè?

Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ iye tí oúnjẹ ẹja jẹ́ báyìí, mi ò sì ní sọ fún yín pé ẹyẹ yìí ò jẹ ẹja yín rí, ó ń jẹ ẹ́. Ẹja àrọ̀ tiẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ ni, torí ó máa ń yọrí sókè gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti ń yọrí yẹn gan-an ni ẹyẹ ti ń ṣọ́ ọ. Pọ́ǹdù tí fíngálín, ìyẹn ọmọ ẹja tó ṣì kéré, wà nínú ẹ̀, tí ò sì ní nẹ́ẹ̀tì lórí, ìpèsè ni lójú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ padà síbi gíráàmù yẹn. Ẹyẹ tí gbogbo ara ẹ̀, àtorí dé ìrù, ò ju gíráàmù 110 lọ, báwo ló ṣe máa gbé ẹja tó wọn gíráàmù 100? Ẹja tó gùn tó ìka ọwọ́ ni tiẹ̀, tàbí èyí tó kéré sí i. Tí ẹja yín bá ti tó àtẹ́lẹwọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹyẹ yìí. Tẹ́ ẹ bá wá ń pàdánù ẹja ńlá, tàbí tó jẹ́ òru ni ẹja ń dín kù, ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ lọ mú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní pọ́ǹdù ní Kuje. Ó kó fíngálín sí i, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó kà á, ó dín kù gan-an, ó ní ẹyẹ dúdú-funfun tó máa ń bà sórí páìpù omi ẹ̀ ni, ó sì ti fẹ́ lọ yá ìbọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká jókòó ṣọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Lóòótọ́ ẹyẹ wá, lóòótọ́ ó mú ẹja, àmọ́ ìwọ̀nba ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ a fa omi, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ẹ wò ó, àwọn ẹja kan wà níbẹ̀ tó ti tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn ẹgbẹ́ wọn, ikùn wọn rí rogodo. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan sókè, ìrù ẹja kékeré kan ṣì yọ jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ṣútà làwọn tó ń sin ẹja ń pe irú wọn, ẹja àrọ̀ tó bá ti tètè dàgbà ju àwọn tó kù lọ, ó máa ń jẹ àwọn ọmọ ìyá ẹ̀, tọ̀sán tòru ló sì ń jẹ wọ́n, kì í fi àmì kankan sílẹ̀, kò ní bà sórí páìpù kẹ́ ẹ lè rí i. Ẹyẹ tó ń jẹun ní gbangba lẹ̀bi wá ń lọ bá.

Yàtọ̀ sí ṣútà, awọ́nrínwọ́n ń wọ pọ́ǹdù, ejò omi ń wọ̀ ọ́, ẹyẹ kan sì wà nínú ẹbí àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó jẹ́ pé òru ló ń ṣọdẹ ẹja, tó máa ń rọra dúró létí omi nínú òkùnkùn. Àwọn olè tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn náà wà, ẹ kúkú mọ̀.

Kí ni kí n wá ṣe?

Nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bo pọ́ǹdù tí fíngálín wà, kó le dáadáa, kó má rọ̀ sílẹ̀, kó má sì kan omi. Èyí ṣe pàtàkì torí nẹ́ẹ̀tì tó bá rọ̀ wérewère ló máa ń há ẹyẹ lẹ́sẹ̀ àti lápá, tó sì máa ń kú síbẹ̀, nígbà tí èyí tó le á kàn já a padà sókè. Ojú nẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ fẹ̀. Ẹ yọ òpó àti igi tí ò wúlò lẹ́bàá pọ́ǹdù, ẹ má jẹ́ kó ríbi bà. Ẹ máa ṣa ẹja, ẹ ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré déédéé, ẹ ò ní gbàgbọ́ iye ẹja tí ìyẹn nìkan máa gbà là. Tí wọ́n bá ti dàgbà tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ lè ká nẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò tó bá jẹ́ tìtorí ẹyẹ yìí lẹ ṣe ta á. Ọ̀rọ̀ àwòrán èèyàn tí wọ́n fi aṣọ wọ̀, tàbí CD tí wọ́n so kọ́, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ẹyẹ á mọ̀ ọ́n, á sì bà lé e lórí.

Ẹnì kan ní kí n fi oògùn sí ẹja kékeré kí n jù ú síbẹ̀.

Ẹ má ṣe é, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Oògùn ò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ajá, kò mọ ajá yàtọ̀ sí ọmọ tó ń ṣeré létí pọ́ǹdù. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ lè fò lọ kú sínú omi tí àwọn ará àdúgbò ń pọn. Bí àwọn kan ṣe ń da gàmálìn sómi láti fi pa ẹja náà nìyẹn, gbogbo ohun tó wà nínú omi yẹn ló ń kú, ọmọ ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, kòkòrò, ẹja tó kú yẹn ni wọ́n sì ń kó lọ sọ́jà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ti ń sọ ọ́. Ìbọn náà, tẹ́ ẹ bá yìn ín lu èyí, òmíràn á wá lọ́la torí omi yín ṣì wà ní ṣíṣí. Nẹ́ẹ̀tì lẹ máa padà rà ní ìgbẹ̀yìn, ẹ kúkú rà á báyìí.

Ṣé lékeléke náà ń jẹ ẹja?

Lékeléke tó ń tẹ̀ lé màálù àwọn Fúlàní, tata àti kòkòrò ló ń jẹ jù, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn tó fara jọ ọ́ ló ń jẹ ẹja. Funfun kan wà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìyẹn ń jẹ ẹja kékeré. Èyí tó ga, tó ní àwọ̀ eérú, tó máa ń dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, ọrùn ẹ̀ á ká, lójijì á ta bí ọfà, èyí lè gbé ẹja tó tóbi díẹ̀. Dúdú kan wà tó ń rì sínú omi tó sì ń wẹ̀ lé ẹja, òun lẹ máa ń rí tó bà sórí kùkùté tó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń sá aṣọ, ìyẹ́ ẹ̀ máa ń rin ni, ó ń gbẹ ẹ́. Idì tó ń jẹ ẹja náà wà ní Kainji, orí àti àyà ẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ ló fi ń gbá ẹja, ìyẹn lè gbé ẹja gidi.

Ṣé gbogbo ẹbí ẹyẹ apẹja ló ń jẹ ẹja?

Rárá. Ọ̀kan kékeré wà tó ń dán bí búlúù, tí ẹnu ẹ̀ pupa, ẹja wínníwínní lòun ń jẹ. Ọ̀kan ńlá wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tá à ń sọ ní gígùn, ó fẹ́ràn àkàn. Èyí tó ní orí eérú, ikùn àwọ̀ obì, apá búlúù, tẹ́ ẹ máa ń rí lórí wáyà iná láàárín ìgboro Àbújá níbi tí omi ò sí rárá, tata àti alángbá ló ń jẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ wọn?

Ibí yìí dùn, ẹ jókòó. Ètí bèbè odò tó dúró gàgàrà ni wọ́n máa ń gbẹ́ ihò sí, ẹnu àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ó lè gùn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìparí ihò yẹn ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Wọn kì í tẹ́ koríko síbẹ̀. Eegun ẹja àti ìpẹ́ tí wọ́n ń pọ̀ jáde ló máa ń di ẹní àwọn ọmọ, ó sì máa ń rùn gan-an. Kí wọ́n tó yé ẹyin ni akọ ti máa ń gbé ẹja wá fún abo, ìyẹn ni ìdána tiwọn.

Ọmọ wọn ń jẹun púpọ̀, bàbá àti ìyá nìkan lè má lè pèsè tó. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Heinz-Ulrich Reyer lọ ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ àkókò ní Kẹ́ńyà, ní adágún Victoria àti adágún Naivasha, ó sì rí i pé àwọn akọ mìíràn máa ń wá ran tọkọtaya lọ́wọ́. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ ọmọ tí tọkọtaya yẹn bí lọ́dún tó kọjá, wọn ò tíì ráya, wọ́n dúró sílé wọ́n ń bá òbí bọ́ àwọn àbúrò wọn, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí ilé wa ṣe máa ń san owó ilé ìwé àbúrò. Àwọn kejì ò bá wọn tan rárá. Wọ́n á gbé ẹja wá, bàbá ilé á lé wọn. Wọ́n á tún gbé e wá. Ní Naivasha, níbi tí oúnjẹ ti rọrùn, lílé ni wọ́n máa ń lé wọn. Ní Victoria tí ẹja kéré tí ibi ọdẹ sì jìnnà, tí ọmọ bá ti pa tí iṣẹ́ sì wọ bàbá lára, á gbà kí wọ́n máa bọ́ wọn. Èrè àlejò yẹn ni pé tó bá dọdún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ òun ni abo yẹn máa fẹ́.

Tí mo bá ka èyí, mo máa ń rántí pé ẹja kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ẹyẹ kan lórí Jabi lè jẹ́ tọmọ ẹ̀, ó lè jẹ́ tàbúrò ẹ̀, ó sì lè jẹ́ tọmọ ẹlòmíì.

Ibo ni mo ti lè rí i?

Jabi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Dáàmù Usuma lápá Ushafa, níbi tí omi ẹ̀rọ Àbújá ti ń wá, dára, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́kọ́ja, ẹ lọ sétí Odò Ọya. Kánò, dáàmù Tiga. Ẹ̀yin ará Jos, ilé ẹ̀kọ́ A.P. Leventis tó ń ṣèwádìí ẹyẹ wà lẹ́bàá yín níbẹ̀, ní Laminga, iṣẹ́ ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Nẹ́ẹ̀tì pọ́ǹdù mi há ọ̀kan, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fà á. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí, òkùnkùn máa ń jẹ́ kó fara balẹ̀. Ẹ ṣọ́ ẹnu ẹ̀ o, ojú èèyàn ló máa ń dojú kọ. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá ìyẹ́ apá méjèèjì mọ́ ọn lára wẹ́rẹ́, kí ẹlòmíì fi sísọ́ọ̀sì gé okùn nẹ́ẹ̀tì yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ torí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ó sì tètè ń kán. Ẹ má fún un lómi, ẹ má gbé e wọlé lọ fi han àwọn ọmọ. Tó bá ti bọ́, ẹ gbé e sórí nǹkan tó ga díẹ̀, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan há sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ní Kuje kó tó tún un ta kó le, ọwọ́ òun fúnra ẹ̀ ló fi gé e sílẹ̀. Ẹyẹ yẹn dùbúlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan, àyà ẹ̀ ń lù kìkìkì, ìlà méjì, akọ ni. Lójijì ó fò, ó ké kírí-kírí-kírí, ó bà sórí páìpù omi yẹn kan náà, ó gbọn ìyẹ́, ó sì dojú kọ omi.